Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe Àyè fún Ọ̀pá Ìwọ̀ Gígùn Nínú Ọkọ̀ Ìpẹja Yín

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti nǹkan ọ̀sìn la sábà máa ń sọ lójú ewé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yin àgbẹ̀ tó ń dáko tó tún ń pẹja la fẹ́ bá sọ̀rọ̀: ẹ̀yin tó wà ní etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Badagry, ẹ̀yin ará wa ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, àti ẹ̀yin tó ń gbé ọkọ̀ sórí omi dáàmù bíi ti Aṣéjìrẹ́ àti Ọyán.

Ìbéèrè kan ṣoṣo la ní: níbo lẹ ń kó ọ̀pá ìwọ̀ yín sí nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ? Ọ̀rọ̀ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti dá egbò sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́sẹ̀, ó sì ti ba ọ̀pọ̀ ọ̀pá tí wọ́n fowó rà jẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wa ni wọ́n kàn nígbà tí ọ̀pá ìwọ̀ ṣì kúrú. Ọ̀pá ti wá gùn sí i báyìí, àyè inú ọkọ̀ kò sì gùn tẹ̀ lé e. Kò dìgbà tí ẹ bá ra ọkọ̀ mìíràn. Pẹ̀lú pákó díẹ̀, páìpù díẹ̀, àti iṣẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì, ọkọ̀ tí ẹ ní lè gba ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 10 tàbí 12. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí ẹ mọ ibi tí ayùn lè dé àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé.

KÍ LÓ DÉ TÍ Ọ̀PÁ FI Ń GÙN SÍ I?

Níbi tí omi bá mọ́ gaara, ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 6 tàbí 7 tó o fi pa epìyà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1984 ni wọ́n rí koríko kan tó máa ń léfòó, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí àwọ̀ àlùkò, ní àwọn odò ìhà Badagry. Ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun koríko yìí. Láti ìgbà náà ló ti tàn ká ọ̀sà àti odò wa. Bí òjò bá ti rọ̀ tí omi ọ̀sà kò níyọ̀ mọ́, á tẹ́ lórí omi bí ẹní. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi iyọ̀ wọlé láti òkun, púpọ̀ nínú rẹ̀ á kú. Bí òjò bá tún dé, òun náà á tún padà.

Apẹja tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú kò lè na ìwọ̀ kọjá koríko yìí. Bí ẹja bá tiẹ̀ gbé ìwọ̀, okùn á wé mọ́ gbòǹgbò, ẹja á bọ́ lọ. Ọ̀pá gígùn máa ń na ìwọ̀ dé ibi tí omi ti ṣófo, ó sì máa ń gbé ẹja sókè kọjá koríko kó tó wọ inú ọkọ̀. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ apẹja fi ń gé ọparun gígùn, tí àwọn mìíràn sì ń ra ọ̀pá tí wọ́n ṣe lókè òkun.

EWU TÓ WÀ NÍNÚ Ọ̀PÁ TÍ KÒ NÍ ÀYÈ

Bí ọ̀pá bá gùn ju àyè rẹ̀ lọ, ẹ̀yin náà mọ ohun tí a máa ń ṣe: a ó jù ú sílẹ̀ láàárín ọkọ̀, tàbí a ó jẹ́ kí orí rẹ̀ yọ síta. Ẹ wo ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ:

(1) Ìwọ̀ á gún èèyàn lẹ́sẹ̀. Ìwọ̀ tó dọ̀tí tó gún ẹsẹ̀ lè fa àìsàn tẹ́tánọ́ọ̀sì, èyí tí í mú kí ẹnu dì pọ̀ tí í sì í pa èèyàn. Ẹni tí ìwọ̀ bá gún wọlé, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ fún abẹ́rẹ́. Ẹ má ṣe fi epo pupa nìkan tọ́jú rẹ̀.

(2) Ẹni tó fẹ́ tu àwọ̀n tàbí tó fẹ́ gbọ́n omi á fẹsẹ̀ kọ ọ̀pá, á ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkọ̀ tí kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ lè dojú dé bí èèyàn kan bá ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójijì.

(3) Ọ̀pá tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ á kọ́ ẹ̀ka igi, òpó afárá, tàbí ọkọ̀ ẹlòmíràn. Bí ọkọ̀ bá ní ẹ́ńjìnnì tó sì ń sáré, kò sí ìgbà tí ẹ máa fi sọ pé ẹ dúró.

(4) Ọ̀pá tó dúró ṣánṣán lè kan wáyà iná níbi tí wáyà bá ti gba orí odò kọjá. Ọ̀pá dúdú olówó ńlá tí wọ́n fi káábọ̀nù ṣe máa ń gbé iná mànàmáná. Ọparun tó tutù náà lè gbé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àrá rí: bí òjò bá ṣú, ẹ tẹ́ ọ̀pá sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì forí lé èbúté.

(5) Orí ọ̀pá ló tín-ín-rín jù, òun sì ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀pá tí orí rẹ̀ kán ti di igi ìdáná.

Ẹ KỌ́KỌ́ WỌN ỌKỌ̀ YÍN

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Kí ẹ tó mú ayùn, ẹ mú okùn tàbí tẹ́ẹ̀pù ìwọ̀n, kí ẹ ṣe báyìí:

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wọn ọ̀pá tó gùn jù nínú èyí tí ẹ ní. Ẹ fi ínǹṣì 6 kún un kí orí rẹ̀ má baà máa gbá igi bí ọkọ̀ bá ń fò lórí ìgbì. Bí ọ̀pá bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10, àyè tí ẹ ń wá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 àti ínǹṣì 6.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wọn inú àpótí iwájú ọkọ̀, ìyẹn ibi tí ẹ ń kó ẹrù sí lábẹ́ pákó iwájú. Inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀n, ẹ má wọn ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Àwọn kan á sọ pé, "Bí mo bá fi ọ̀pá dábùú láti igun kan dé igun kejì, yóò gbà á." Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí àpótí bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 7 tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2, láti igun dé igun kò ju ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ínǹṣì 3 àti díẹ̀ lọ. Ínǹṣì 3 péré lẹ jèrè. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 8 kò ní wọ̀ ọ́, ká má tíì sọ ti 10.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ wọ̀n ọ́n láti pákó tó dá àpótí iwájú yà kúrò lára àárín ọkọ̀ dé pákó ìjókòó àkọ́kọ́. Pákó tó dá inú ọkọ̀ sí méjì yìí la ó máa pè ní pákó ìdábùú. Ẹ tún wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ ọkọ̀ dé abẹ́ pákó ìjókòó náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ gbé ọparun kan tó gùn bí ọ̀pá yín, kí ẹ tẹ́ ẹ síbi tí ẹ fẹ́ kó máa wà. Ẹ jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó. Ẹ ṣe bí ẹni tó fẹ́ da àwọ̀n. Ẹ ṣe bí ẹni tó fẹ́ gbọ́n omi. Bí ẹsẹ̀ yín bá kàn án, ibẹ̀ kọ́ ni àyè rẹ̀.

IBI TÍ AYÙN KÒ GBỌ́DỌ̀ DÉ

Kì í ṣe gbogbo igi inú ọkọ̀ ló wà fún ìjókòó tàbí fún ẹwà. Òmíràn ló di ọkọ̀ mú. Ẹ má ṣe gé ìwọ̀nyí, ẹ má sì ṣe lu wọ́n ní ihò ńlá:

– Egungun ọkọ̀, ìyẹn àwọn igi tó tẹ̀ láti ilẹ̀ ọkọ̀ gòkè lọ sí etí rẹ̀. Àwọn ló di pákó ẹ̀gbẹ́ mú.

– Igi ìdí ọkọ̀ tó gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Òun ni ọ̀pá ẹ̀yìn ọkọ̀.

– Etí ọkọ̀. Bí ẹ bá gé e láti fi ọ̀pá kọ́ síbẹ̀, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fì, ojú pákó á sì ṣí.

– Pákó ìjókòó. Púpọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé òun ló na ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọkọ̀ tí wọn kò fi sún mọ́ra, tí wọn kò sì fi ya síra. Abẹ́ rẹ̀ ni kí ọ̀pá gbà. Kí ọ̀pá má ṣe gba inú rẹ̀ kọjá.

– Pákó ẹ̀yìn tí ẹ́ńjìnnì rọ̀ mọ́. Ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì àti agbára tó fi ń ti ọkọ̀ wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo.

– Pákó ilẹ̀ ọkọ̀ àti pákó ẹ̀gbẹ́. Ìṣó tó bá yọ jáde lóde, ọ̀nà tí omi máa gbà wọlé ni.

Ó ku ọ̀nà mẹ́ta tí ẹ lè gbà. Ẹ yan èyí tó bá ọkọ̀ àti àpò yín mu.

Ọ̀NÀ KÌÍNÍ: PÁKÓ ẸLẸ́YÍN LẸ́GBẸ̀Ẹ́ ỌKỌ̀

Èyí ló rọrùn jù, torí ẹ kò ní gé ohunkóhun lára ọkọ̀. Ó dára fún ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 12.

Ẹ wá pákó líle tó nípọn ní ínǹṣì 1. Ìrókò tàbí ọ̀pẹ̀pẹ̀ dára, nítorí omi kì í tètè jẹ wọ́n. Ẹ gé e sí mẹ́ta fún ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ìkọ̀ọ̀kan ga ní ínǹṣì 12, kó sì fẹ̀ ní ínǹṣì 6. Lára etí kan pákó náà, ẹ gé ẹnu mẹ́ta tó wọlé ní ínǹṣì 2, tó sì dà gẹ̀rẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀pá má baà yọ́ jáde. Ẹ fi ìfági tàbí yanrìn dán ojú rẹ̀ kó má baà ha ọ̀pá.

Báwo lẹ ṣe máa dè é? Ẹ má kàn án mọ́ pákó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ o. Ara egungun ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ dè é mọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun náà, kí skúrù lè dojú kọ iwájú tàbí ẹ̀yìn ọkọ̀, kó má dojú kọ omi. Bí egungun bá nípọn ní ínǹṣì 2, skúrù ínǹṣì 2 àtààbọ̀ ló tọ́: ínǹṣì 1 á gba inú pákó ẹlẹ́yín kọjá, ínǹṣì 1 àtààbọ̀ á wọ inú egungun, ààbọ̀ ínǹṣì á ṣẹ́ kù tí kò ní yọ sí òdì kejì. Ẹ kọ́kọ́ fi ìlu lu ojú skúrù kí egungun má baà là. Skúrù idẹ tàbí èyí tí wọ́n fi síńkì bò ni kẹ́ ẹ lò, pàápàá ẹ̀yin tó wà nínú omi iyọ̀. Ìṣó lásán á dípẹtà láìpẹ́, á sì mú kí igi àyíká rẹ̀ jẹrà.

Fún ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 12, ẹ jẹ́ kí pákó ẹlẹ́yín fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4 jìnnà síra wọn. Ẹsẹ̀ bàtà 2 á ṣẹ́ kù lápá iwájú àti lápá ẹ̀yìn ọ̀pá. Bí egungun ọkọ̀ yín kò bá bọ́ síbi tí ìṣirò sọ gẹ́lẹ́, ẹ lo egungun tó sún mọ́ ọn jù. Kí ọ̀pá tó wà lókè pátápátá má ṣe ga tó etí ọkọ̀. Ẹ fi ínǹṣì 3 ó kéré tán sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gé rọ́bà inú táyà àlòkù ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi dè é mọ́ iwájú ẹnu náà. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ó fà á tí ọ̀pá á jáde.

Ẹ pín ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mẹ́ta ní ọ̀tún, mẹ́ta ní òsì. Ọ̀pá fúnra rẹ̀ kò wúwo, ṣùgbọ́n bí àwọ̀n tútù, ẹja àti èèyàn bá tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà, ọkọ̀ á tẹ̀.

Ọ̀NÀ KEJÌ: IHÒ LÁRA PÁKÓ ÌDÁBÙÚ

Ọ̀nà yìí dára fún ẹni tó fẹ́ kí orí ọ̀pá wà lábẹ́ ààbò nínú àpótí iwájú, kí àárín ọkọ̀ sì wà lófìfo. Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọkọ̀ náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20. Inú àpótí iwájú rẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 7. Pákó ìjókòó àkọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ bàtà 3 jìnnà sí pákó ìdábùú. Ọ̀pá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10.

Bí ọ̀pá bá gba inú ihò wọ àpótí lọ, tí orí rẹ̀ sì fi ínǹṣì 6 jìnnà sí iwájú pátápátá, ẹsẹ̀ bàtà 6 àtààbọ̀ wà nínú àpótí, ẹsẹ̀ bàtà 3 àtààbọ̀ wà lóde. Òun ni yóò gba abẹ́ pákó ìjókòó kọjá, tí ìdí ọ̀pá á sì yọ ní ínǹṣì 6 lẹ́yìn ìjókòó náà, níbi tí ọwọ́ ti lè tó o. Ó bára mu wẹ́kú.

Báyìí lẹ ó ṣe é:

(1) Ẹ fa ọkọ̀ gòkè sórí ilẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ kó gbogbo ẹrù kúrò nínú àpótí. Ẹ wo ẹ̀yìn pákó ìdábùú bóyá egungun ọkọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ibi tí egungun wà.

(2) Ẹ sàmì sí ibi ihò mẹ́rin: méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, kí àárín wà fún ẹsẹ̀. Kí ihò má ṣe sún mọ́ etí pákó tàbí sún mọ́ ara wọn tó ínǹṣì 2. Kí wọ́n sì ga kọjá ibi tí omi tó ń jò sínú ọkọ̀ máa ń dé.

(3) Ẹ má gé ihò róbótó. Ẹ gé e kó gùn díẹ̀ sókè, bí ẹyin adìyẹ: ínǹṣì 2 àtààbọ̀ ní fífẹ̀, ínǹṣì 4 ní gíga. Ìdí pàtàkì wà fún èyí. Ọ̀pá kì í wọlé ní gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gẹ̀rẹ́ ló máa ń wọlé, torí ìdí rẹ̀ ṣì wà lókè lẹ́yìn ọkọ̀. Ihò róbótó kò ní gbà á, tàbí kó ha á. Kí igun ihò má ṣe dá ṣóńṣó, torí láti igun ni pákó ti máa ń là.

(4) Pákó tí a lu ní ihò ti pàdánù nínú agbára rẹ̀. Ẹ gé pákó mìíràn tó nípọn ní ínǹṣì 1, ẹ lu irú ihò kan náà sí i, kí ẹ fi lẹ ẹ̀yìn pákó ìdábùú pẹ̀lú gúlúù igi tí omi kì í bàjẹ́ àti skúrù. Bí ìgbà tí a bá lẹ aṣọ mọ́ ibi tó fẹ́ ya ni.

(5) Ẹ gé rọ́bà táyà àlòkù, kí ẹ fi bo etí ihò yíká. Ọ̀pá kò ní máa ha.

(6) Láti ihò dé abẹ́ pákó ìjókòó, ẹ ṣe ibùsùn fún ọ̀pá. Ẹ la páìpù rọ́bà ínǹṣì 2 sí méjì ní gígùn rẹ̀, kí ó dà bí ọ̀pọ́n omi. Ọparun ńlá tí a là sí méjì náà á ṣe é. Ẹ dè é mọ́ orí igi kékeré tó jókòó lórí egungun ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹ lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi máa jò dànù.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ló dé tí a kò fi odindi páìpù ṣe é? Ó dára lójú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí páìpù bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3 àtààbọ̀ tó sì wà nílẹ̀, gbọọrọ ni ọ̀pá gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, ẹ sì nílò odidi ẹsẹ̀ bàtà 10 lófìfo lẹ́yìn ẹnu rẹ̀. Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 20 kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀; ìdí ọ̀pá á ti kan ẹ́ńjìnnì kí orí rẹ̀ tó wọlé. Páìpù tí a là gba kí ẹ ti orí ọ̀pá wọ ihò ní gẹ̀rẹ́, kí ẹ wá tẹ́ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó de ohunkóhun pa, ẹ fi ọ̀pá gidi wọlé, kí ẹ fi jáde, nígbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Orí ọ̀pá ló gbọ́dọ̀ ṣáájú wọlé nígbà gbogbo. Ẹ kọ́kọ́ fi ìwọ̀ gún ègé bàtà sílípáàsì àlòkù tí ẹ so mọ́ ìdí ọ̀pá, kí okùn fà le dáadáa. Ìwọ̀ tó ń ṣeré kiri nínú àpótí tí ojú kò rí, ọwọ́ yín ló ń dúró dè.

Ọ̀NÀ KẸTA: Ọ̀PÁ TÓ ṢEÉ YỌ SÍ MÉJÌ

Bí ọkọ̀ bá kéré jù, tàbí tí kì í ṣe tiyín, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀, kí ẹ tún ọ̀pá ṣe. Ẹ gé ọparun ẹsẹ̀ bàtà 10 sí méjì nítòsí oríkèé rẹ̀, níbi tí kì í ti í tètè là. Ẹ wá páìpù irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gùn ní ínǹṣì 8 tó sì fún mọ́ ọparun náà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá ìdí ọ̀pá kó wọlé ní ínǹṣì 4, kí ínǹṣì 4 yòókù wà fún apá orí. Ẹ fi okùn ọ̀rá tín-ín-rín wé ojú ibi méjèèjì pinpin kí ọparun má baà là. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 5 méjì á wọ inú àpótí yín láìsí wàhálà. Àléébù rẹ̀ ni pé ojú ìdè kì í lágbára tó odindi ọparun. Ó tó fún epìyà àti obòkun. Fún àrọ̀ ńlá tó máa ń jà, odindi ọ̀pá ló dára jù.

ẸMÍ ỌKỌ̀: OHUN TÓ Ń GBÉ E LÉFÒÓ

Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí, ẹ̀yin tó fẹ́ lo ọ̀nà kejì. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, pàápàá ọkọ̀ fíbà, àpótí iwájú tí wọ́n dí pa kì í ṣe fún ẹrù. Afẹ́fẹ́ tàbí fóòmù inú rẹ̀ ló ń gbé ọkọ̀ léfòó bí omi bá kún un. Bí ẹ bá lu ihò sí i, ẹ ti tú èémí ọkọ̀ náà dànù. Bí ẹ bá kan ọkùnkùn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn pákó ìdábùú, ẹ padà sí ọ̀nà kìíní.

Bí ẹni tó ṣáájú yín bá ti lu ihò náà, ẹ lè fi kẹ́ẹ̀gì rọ́pò ohun tó sọnù. Lítà omi 1 wúwo ní kílò 1. Nítorí náà, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó ṣófo tí a dé ìdérí rẹ̀ pa, bí ó bá wọ inú omi tán, á gbé nǹkan bí kílò 25, yàtọ̀ sí ìwọ̀n kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀. Mẹ́rin irú rẹ̀ á gbé tó kílò 100 dín díẹ̀. Ẹ dè wọ́n mọ́ abẹ́ pákó ìjókòó pẹ̀lú okùn tó nípọn, méjì ní ọ̀tún, méjì ní òsì. Bí ọkọ̀ bá ní ẹ́ńjìnnì, ẹ kó méjì nínú wọn sẹ́yìn, torí ẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ rì.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó gbé ọkọ̀ padà sí ibú. Ẹ gbé e sínú omi tí kò jinlẹ̀ ju ìbàdí lọ. Ẹ yọ ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi òkúta tó wúwo tó o rọ́pò rẹ̀. Ẹ bu omi sínú ọkọ̀ títí tó fi kún. Bí etí ọkọ̀ bá ṣì wà lójú omi, inú yín á dùn. Bí ó bá rì, ó sàn kó rì níbi tí ẹsẹ̀ yín ti kanlẹ̀.

ÌTỌ́JÚ

Ọparun tí a kó pamọ́ ní tútù á jẹrà, kòkòrò á sì jẹ ẹ́. Bí ẹ bá dé èbúté, ẹ yọ ọ̀pá jáde, ẹ nù ún, kí ẹ fi sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ̀yin tó ń pẹja nínú omi iyọ̀, ẹ kọ́kọ́ fi omi odò tí kò níyọ̀ ṣan ọ̀pá aláyìípo, irin ojú okùn àti skúrù. Lóṣooṣù, ẹ yẹ pákó ẹlẹ́yín àti pákó ìdábùú wò. Bí skúrù bá ń mì, tàbí tí pákó bá fẹ́ là, ẹ tún un ṣe kó tó di ńlá. Ibi gbogbo tí ẹ bá gé tàbí lu, ẹ fi ọ̀dà kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ojú igi tí a gé ni omi máa ń gbà wọ inú igi.

ÌBÉÈRÈ ÀTI ÌDÁHÙN

Ìbéèrè: Ọkọ̀ gbígbẹ́ ni tèmi. Kò ní egungun, kò sì ní pákó ìdábùú. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má lu skúrù mọ́ ara rẹ̀. Ẹ gé òpó kékeré tó ga láti ilẹ̀ ọkọ̀ dé abẹ́ igi ìjókòó, kí ẹ fi okùn dè é mọ́ igi ìjókòó náà. Ara òpó yìí ni kẹ́ ẹ gé ẹnu ọ̀pá sí.

Ìbéèrè: Ṣé mi ò lè gbé ọ̀pá kọ́ sókè bí òrùlé? Ilẹ̀ ọkọ̀ á wà lófìfo.

Ìdáhùn: Rárá o. Ohun tó bá ga nínú ọkọ̀ ló máa ń fà á dojú dé, atẹ́gùn á sì máa tì í. Isàlẹ̀ ni ìwọ̀n ẹrù ń gbé.

Ìbéèrè: Ọkọ̀ fíbà ni mo ní, àpótí rẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n dí pa. Ṣé mo lè lu ihò sí i?

Ìdáhùn: Ẹ lè lù ú, ṣùgbọ́n igi sábà máa ń wà láàárín fíbà. Bí omi bá wọ inú igi náà, á jẹrà láì jẹ́ pé ẹ rí i. Ẹ fi oje fíbà dí etí ihò yíká lọ́jọ́ kan náà. Ẹ bo imú àti ẹnu yín nígbà tí ẹ bá ń gé e, eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ìbéèrè: Èló ló máa ná mi?

Ìdáhùn: Iye owó ọjà ń yí padà lójoojúmọ́, àdúgbò kan sì yàtọ̀ sí èkejì. Ọ̀nà kìíní ló dínwó jù: pákó díẹ̀, skúrù, àti rọ́bà táyà tí àwọn vulkanáísà máa ń jù nù. Ẹ fi iye rẹ̀ wé iye ọ̀pá kan tó kán.

Ẹ MÁA RÁNTÍ

Ẹ wọn ọ̀pá, ẹ wọn ọkọ̀, ẹ fi ọparun dán an wò, kí ẹ tó gé e. Ẹ má fọwọ́ kan egungun ọkọ̀, etí rẹ̀ àti pákó ìjókòó. Ẹ má lu ihò sí àpótí tó ń gbé ọkọ̀ léfòó. Ẹ pín ẹrù sí ọ̀tún àti òsì. Ẹ fi ìwọ̀ pamọ́ kí ọkọ̀ tó ṣí. Ẹ̀wù ìléfòó kò sì gbọ́dọ̀ wọ́n lọ́rùn ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú ọkọ̀, bó ti wù kó mọ odò wẹ̀ tó.

Àkókò tó dára jù láti ṣe iṣẹ́ yìí ni ìgbà tí ẹ bá fa ọkọ̀ gòkè láti dí ojú pákó àti láti kun ọ̀dà. Bí ohun kan kò bá yé yín, ẹ bá òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ẹja pípa ní ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yín sọ̀rọ̀, tàbí kí ẹ pe ẹni tó kan ọkọ̀ náà kó wá wò ó kí ẹ tó mú ayùn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.